Ìpẹtà Lára Ìjàpá 1977: Iṣẹ́ Abẹ́ Ọ̀dà ní Òṣogbo

Volkswagen Ìjàpá ni ọkọ̀ náà, ti ọdún 1977, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tò ní Èkó, ní iléeṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Badagry ní 1975. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín. Wọ́n fi ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn náà ló wá di ti abẹ́ igi máńgòrò ní àgbàlá wọn ní Òkè-Fìà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń jí tí a bá gbé bátírì sí i. Ara rẹ̀ ni ìpẹtà ti jẹ.

Àkọsílẹ̀ yìí kò ní dé orí ọ̀dà gan-an. Ibi tí ọkọ̀ ti ṣe tán fún ẹni tí yóò fín in ni yóò dúró. Iye ọ̀dà ni gbogbo ènìyàn máa ń bèèrè ní ìlú wa, iṣẹ́ abẹ́ ọ̀dà ni wọ́n ń fò. Àwọn Ìjàpá díẹ̀ ṣì ń rìn láàárín Ọláìyá sí Ọ̀tà-Ẹ̀fun tí ara wọn ń dán, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi eegun ìka kan abẹ́ ilẹ̀kùn wọn, ìró fílà, ohun tí panẹbítà fi ń dí ihò àti kòtò lára ọkọ̀, lẹ ó gbọ́. Omi ló ń pa ara ọkọ̀. Tí a kò bá mọ ibi tó gbà wọlé àti ibi tó jókòó sí, irin tuntun tí a lẹ̀ mọ́ ọn yóò bá ti àtijọ́ lọ.

1. Wíwá ibi tó ti jẹ

Mo kó gbogbo inú ọkọ̀ jáde: ìjókòó iwájú àti ti ẹ̀yìn, kápẹ́ẹ̀tì, rọ́bà ilẹ̀, páálí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kápẹ́ẹ̀tì tó bá rin tí kò gbẹ burú ju ihò lọ, torí pé ó ń gbé omi mọ́ irin lára látìgbà òjò dé ìgbà ọyẹ́. Ti ọkọ̀ yìí ti jẹrà mọ́ ilẹ̀, ọ̀bẹ ni a fi fá a.

Irinṣẹ́ tí mo fi wádìí kò ju súkúdíráfà tí ẹnu rẹ̀ ti kú, mágínẹ́ẹ̀tì tí mo yọ lára sípíkà àtijọ́, àti ṣọ́ọ̀kì lọ. Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé mágínẹ́ẹ̀tì náà, mo ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀ lára ọkọ̀. Ibi tó bá ti gbá irin mú, irin wà níbẹ̀. Ibi tó bá ti já bọ́ lọ́wọ́, fílà ló nípọn níbẹ̀. Súkúdíráfà ni mo fi ń gún abẹ́ ilẹ̀. Ẹ má ṣe ṣàánú rẹ̀ o: irin tí súkúdíráfà bá lè wọ̀ kò yẹ kó gbé ènìyàn lórí títì.

Ohun tí ṣọ́ọ̀kì sàmì sí rèé. Abẹ́ bátírì ti lu. Lára Ìjàpá, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni bátírì ń gbé, ásíìdì tó ń ta sílẹ̀ ló sì jẹ ilẹ̀ ibẹ̀ títí ó fi ń rún lọ́wọ́ bí èèpo búrẹ́dì gbígbẹ. Àpótí irin tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn òsì kọjá ti jẹrà láti ẹsẹ̀ òpó iwájú lọ sí ẹ̀yìn, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60. Kòtò tí táyà àfikún ń jókòó sí níwájú ní ihò wẹ́wẹ́ nídìí. Etí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn òsì ti là. Igun wíńsíkírìnì iwájú, nísàlẹ̀ lápá òsì, ti wú lábẹ́ ọ̀dà.

Ẹni tó tún abẹ́ ilẹ̀kùn náà ṣe nígbà kan rí fi ìwé ìròyìn dí ihò, ó sì da fílà lé e. Nígbà tí a ṣí i, fílà náà nípọn tó mílímítà 11. Ìwé ìròyìn náà ṣì tutù.

Kí n tó fọwọ́ kan rọ́bà kankan, mo dán omi wò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, èmi ń fi họ́ọ̀sì rọra da omi sí i láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibì kan lẹ́yìn èkejì. Tí ẹ bá da omi láti òkè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ ibi tó gbà wọlé. Igun wíńsíkírìnì tí mo ti dárúkọ ló ń jò, omi náà ń gba ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù sọ̀kalẹ̀ tààrà sínú àpótí abẹ́ ilẹ̀kùn. Rọ́bà etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gan, ó ń jẹ́ kí omi bọ́ sí kòtò táyà. Àwọn ihò kéékèèké tó wà ní ìdí ilẹ̀kùn, tó yẹ kí omi máa gbà jáde, ti di pátápátá pẹ̀lú ewé máńgòrò àti erùpẹ̀. Orísun mẹ́ta nìyẹn, mo sì kọ wọ́n sára ògiri ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni má baà gbàgbé wọn nígbà tí irin bá ti dé.

2. Títú u palẹ̀

Táńkì epo ni a kọ́kọ́ yọ. Iwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni táńkì Ìjàpá wà, ibi tí a fẹ́ fi iná jó irin kò sì jìnnà sí i. Bóòtì mẹ́rin ló dì í mú. A fa epo inú rẹ̀ sí kẹ́ẹ̀gì, a gbé táńkì náà jìnnà sí ibi iṣẹ́, a yọ rọ́bà epo, a sì dí ẹnu páìpù tó gba àárín ilẹ̀ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. A yọ wáyà bátírì pẹ̀lú. Garawa yanrìn àti sílíńdà ìpaná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa títí iṣẹ́ wẹ́dà fi parí.

Fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń tú kúrò lára Ìjàpá, sípánà nọ́ńbà 13 ló sì ń tú wọn. Oore ńlá ni ẹni tó ya ọkọ̀ yìí ṣe fún wa. Ṣùgbọ́n bóòtì tó ti dógùn-ún kì í dédé gbọ́. Mo po ọ́ìlì gíà ọtọmátíìkì mọ́ ásítóònù ní ìlàjì-ìlàjì, mo ta á sí wọn lálẹ́, mo sì tún ta á sí wọn láàárọ̀. Kí ẹ tó tú bóòtì, ẹ kọ́kọ́ dè é síwájú díẹ̀, kí ìpẹtà tó dì í mú lè já, kí ẹ tó wá yí i padà. Àwọn tó kán sínú, díríìlì mílímítà 6.8 ni a fi lù wọ́n, a sì fi táàpù M8, irinṣẹ́ tó ń gé ẹsẹ̀ bóòtì sínú ihò, tún ẹsẹ̀ wọn là. Gbogbo bóòtì ni mo kó sí ọ̀rá, mo kọ orúkọ ibi tí wọ́n ti wá sí i lára, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ kó tó kúrò níbẹ̀.

Nọ́ńbà ṣáásí wà lórí òkè tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Mo fi táàpù alẹ̀mọ́ nínípọn bò ó kí gíráíńdà má baà kàn án. Tí nọ́ńbà yẹn bá parẹ́, ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ yóò di àríyànjiyàn lọ́wọ́ ọlọ́pàá àti lọ́wọ́ àwọn oníwèé.

3. Ilẹ̀ abẹ́ bátírì

Ásíìdì bátírì kò kú tán bí irin bá tilẹ̀ gbẹ. Mo po sódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì mọ́ omi gbígbóná, mo ń dà á sí ibẹ̀, ó ń hó. Mo ń dà á títí kò fi hó mọ́, mo wá fi omi ṣan án, mo sì jẹ́ kó gbẹ nínú oòrùn. Tí ẹ bá fo èyí, irin tuntun yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ láti etí.

Lẹ́yìn náà ni gíráíńdà pẹ̀lú dísìkì ìgérin mílímítà 1. Òfin tí a tẹ̀ lé ni pé kí a gé kọjá ìpẹtà tó kẹ́yìn ní sẹ̀ǹtímítà 3, kó lè jẹ́ irin funfun ni a ó so irin tuntun mọ́. Ihò tí ọwọ́ ọmọdé lè kọjá tẹ́lẹ̀ di 31 sí 24 sẹ̀ǹtímítà nígbà tí a gé e tán. Ó máa ń bani lẹ́rù láti rí i, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Mo fi páálí gé àwòrán rẹ̀, mo sì gbé páálí náà lọ sọ́dọ̀ àwọn onírin. Irin pẹlẹbẹ géèjì 18, tó nípọn tó mílímítà 1.2, ni mo rà, ìlàjì síìtì. Ó nípọn ju irin ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ lọ díẹ̀, ó sì dára fún ilẹ̀. Àwọn kan bi mí pé ṣé kì í ṣe Òṣogbo níbí ni wọ́n ti ń rọ irin. Ọ̀pá irin ni iléeṣẹ́ ìrọrin Òṣogbo ń rọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe irin pẹlẹbẹ.

Ilẹ̀ Ìjàpá kò tẹ́jú gbọọrọ, ó ní àwọn ilà gbọọrọ tó yọ sókè tí wọ́n tẹ̀ sí i lára kó lè le. Tí a bá fi irin títẹ́jú lásán rọ́pò rẹ̀, yóò máa dún nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, yóò sì máa mì lábẹ́ bátírì. Bàbá panẹbítà wa gbé ègé irin rélùwéè kalẹ̀, wọ́n fi igi líle gbẹ́ ẹnu ilà náà, wọ́n sì fi òòlù lù ú sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ti àtijọ́ mu. Iṣẹ́ yìí gba wákàtí púpọ̀. Mo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi ṣe é tán, torí pé àwọn tó lè fọwọ́ ṣe irú rẹ̀ ń dín kù, àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí lóde òní sì fẹ́ràn láti gé ilẹ̀ lára ọkọ̀ mìíràn ju kí wọ́n lù ú lọ.

4. Ọ̀rọ̀ iná wẹ́dà

A kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ wẹ́dà tí gbogbo wa mọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá mílímítà 2.5, gbìyànjú rẹ̀. Kò ṣeé ṣe. Irin géèjì 18 gbà á, ṣùgbọ́n etí irin àtijọ́ kò tó mílímítà 1 mọ́, ojú kan náà ni ó ń yọ́ tó sì ń di ihò. A dín iná rẹ̀ kù, ọ̀pá kò jó mọ́, ó kàn ń lẹ̀ mọ́ irin. A fi irin bàbà gbá a lẹ́yìn kó lè gba ooru, ó sàn díẹ̀, síbẹ̀ ihò ṣì ń yọ.

Bàbá dábàá kí a fi gáàsì àti bíráàsì so ó. Bí wọ́n ṣe ń so fẹ́ńdà láti ọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn, ó sì mọ́ lójú. Mo gbà á fún etí ilẹ̀kùn. Fún ilẹ̀ àti fún àpótí abẹ́ ilẹ̀kùn, mo sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibi tó gbé ìwúwo ni, ẹ jẹ́ kí n wá oníwáyà." Wọ́n ní kò burú, kí n lọ wá a.

Oníwáyà ni a ń pe ẹni tó ní ẹ̀rọ MIG: wáyà ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ dípò ọ̀pá, gáàsì sì ń bo iná rẹ̀. Wáyà mílímítà 0.8 ni ó lò. Iná mànàmáná kò dúró sójú kan, ẹ̀rọ náà kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni a fi ṣe é. Ó ń fi iná kan an ní ẹyọ-ẹyọ, ẹyọ kan níhìn-ín, òmíràn ní òdìkejì, tí àárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3, ó ń dúró kí ó tutù débi tí ọwọ́ lè gbà á kó tó kan òmíràn. Tí ẹ bá fa iná gbọọrọ lẹ́ẹ̀kan lórí irin tínínrín, ooru yóò ká a kò, kò sí òòlù tó lè tẹ́ ẹ dáadáa mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni àárín àwọn ẹyọ náà fi pàdé.

5. Àpótí abẹ́ ilẹ̀kùn

Ibí ni ẹni tó fẹ́ tún Ìjàpá ṣe gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ sí jùlọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ní kó máa gba inú àpótí yìí lọ sí iwájú, fún àwọn ará ìlú òtútù. Kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ ní Òṣogbo. Ṣùgbọ́n àpótí yìí kan náà ni òpó ilẹ̀kùn dúró lé, òun náà sì ni bóòtì tó so ara ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ gbà wọlé. Tí ó bá jẹrà, ọkọ̀ ń tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn ń wọ́lẹ̀. Ẹni tó fi fílà bò ó ti fi ẹ̀mí ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ṣeré.

Bàbá kò jẹ́ kí a gé ohunkóhun kí a tó de ara ọkọ̀. Wọ́n ní, "Tí o bá gé e láìdè é, ilẹ̀kùn yẹn ò tún ní padé láéláé." A gbé ọkọ̀ sórí ìdúró mẹ́rin lórí sìmẹ́ńtì títẹ́jú, a fi ọ̀pá gígùn àti omi-ìwọ̀n wò ó pé kò yẹ̀. A wá fi páìpù onígun mẹ́rin, íǹṣì 1, so òpó iwájú mọ́ òpó ẹ̀yìn nínú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan ní ìdábùú. Kí a tó so páìpù yìí, mo wọn àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti òpó ẹ̀yìn: mílímítà 5 lókè, 5 láàárín, 7 nísàlẹ̀. Mílímítà 7 yẹn ló fi hàn pé ó ti ń wọ́lẹ̀. A fi jáàkì gbé abẹ́ òpó náà sókè kékeré títí ìsàlẹ̀ fi di 5, a sì so páìpù mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Apá òsì nìkan ni a ṣe. Ọ̀tún ní ìpẹtà ojú lásán, a fá a, a sì fi síbẹ̀. Tí ti yín bá jẹrà lápá méjèèjì, ẹ má gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ègé tí a gé kúrò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 74. Ìyẹ̀fun ìpẹtà inú rẹ̀ kún àgbá ọ̀dà lítà 1. A tẹ irin tuntun sí igun mẹ́ta ní ọ̀dọ̀ bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rí ní Nigeria Machine Tools, iléeṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà ní Òṣogbo, ẹ̀rọ ìtẹrin bàbá náà sì mú igun rẹ̀ gún ju ohun tí òòlù lè ṣe lọ. Kí a tó pa á dé, mo fi páìmà (ọ̀dà ìpìlẹ̀) oníṣíǹkì kun inú rẹ̀ pátápátá, títí kan ibi tí iná yóò kàn. Ihò tí a fi so irin kan mọ́ òmíràn jẹ́ mílímítà 8, oníwáyà sì fi iná dí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A tú páìpù ìdè, a so ilẹ̀kùn padà, a wọn àlàfo rẹ̀: 5 lókè, 5 láàárín, 5.5 nísàlẹ̀. Ilẹ̀kùn náà pa dé pẹ̀lú ìka kan.

Inú àpótí náà ṣì nílò ààbò, torí pé iná wẹ́dà ti jó páìmà níbi tó ti kàn. Mo yọ́ àbẹ́là funfun nínú ọ́ìlì tuntun, ìlọ́po ọ́ìlì méjì sí àbẹ́là kan. Inú abọ́ tó wà nínú omi gbígbóná ni mo ti yọ́ ọ, ẹ má gbé e lé iná tààrà. Nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, a fi kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ àti rọ́bà gígùn fín in gba inú ihò tó wà nídìí òpó. Ó ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀, ó sì ń ṣẹ́ jáde nísàlẹ̀. Níbi tó ti ń ṣẹ́ jáde ni omi yóò máa gbà jáde lọ́jọ́ iwájú, ẹ má dí i.

6. Àwọn kéékèèké

Ìdè ilẹ̀kùn, ìkọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, orí bóòtì: mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ike, mo rì wọ́n sínú rẹ̀ mọ́jú, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ wọ́n, mo sì fi omi sódà ṣan wọ́n kí oje ọsàn má baà máa jẹ irin lọ. Irin tó bá jáde nínú èyí yóò tún dípẹtà kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí náà ẹ nù ún gbẹ kí ẹ sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀.

Fún ìdí ìjókòó, tó tóbi ju ike lọ, mo lo tṣájà bátírì. Omi àti sódà ìfọṣọ nínú dúrọ́ọ̀mù ike, irin tó dípẹtà ni mo so mọ́ ẹnu tí àmì rẹ̀ jẹ́ −, irin àlòkù ni mo so mọ́ + láìjẹ́ kí méjèèjì kan ara wọn. Ìpẹtà ń dà sílẹ̀ bí omi ti ń hó wẹ́wẹ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, torí pé atẹ́gùn tó ń jáde níbẹ̀ lè gbiná, ẹ má sì lo irin tí kì í dípẹtà bíi ti ṣíbí fún ẹnu +, májèlé ni ó ń sọ omi náà dà.

7. Fífá, ásíìdì àti épọ́ksì

Kí sáńpépà tó kan ara ọkọ̀, a fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, a sì fi tínà nù ún pẹ̀lú aṣọ méjì, ọ̀kan tútù, ọ̀kan gbígbẹ. Tí ẹ bá fá ara ọkọ̀ tó ní ọ́ìlì lára, inú irin ni sáńpépà ń ti ọ́ìlì náà sí, ọ̀dà yóò sì máa sá níbẹ̀.

Búrọ́ọ̀ṣì onírin ẹnu gíráíńdà ni a fi kó ìpẹtà tó nípọn, dísìkì oní-sáńpépà 80 ni a fi parí rẹ̀. Ibi tí ihò wẹ́wẹ́ ìpẹtà ṣì wà nínú irin, ásíìdì fọsfọ́ríìkì ni mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́, mo sì fi omi ṣan án kó tó gbẹ. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti awò ojú wà lára mi.

Ibi tí Bàbá fi bíráàsì so ní etí ilẹ̀kùn ní ìtọ́jú tirẹ̀. Fúlọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń mú bíráàsì ṣàn máa ń kù sára rẹ̀ bíi dígí, ọ̀dà kì í sì í dúró lórí rẹ̀. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ni a fi fọ̀ ọ́ títí gbogbo rẹ̀ fi kúrò.

Irin funfun kò gbọdọ̀ sùn láìwọṣọ ní Òṣogbo lákòókò òjò. Ọjọ́ tí a fá a náà ni a fín épọ́ksì, páìmà tó ń dènà omi, sí i, ẹ̀ẹ̀mejì, láàárín ago 11 àárọ̀ sí ago 3 ọ̀sán, nígbà tí ìrì ti lọ tí irin sì ti lọ́wọ́ọ́wọ́. A ń tú omi inú kọ̀ǹpùrẹ́sọ̀ jáde léraléra. Ní àkókò òjò, omi tó ń kó jọ sínú rẹ̀ máa ń yani lẹ́nu.

Mo fẹ́ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ épọ́ksì. Páìmà eérú lásán tí ẹ ń rí lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lójú pópó, omi máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ tí wọ́n fi páìmà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sínú òjò fún oṣù mélòó kan nítorí pé owó ọ̀dà kò tíì pé, abẹ́ páìmà náà ti ń dípẹtà. Épọ́ksì wọ́n, ṣùgbọ́n ó ń dènà omi. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì pé lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀ kó máa kó owó jọ, tí oòrùn kò bá ti ń pa á tààrà.

8. Fílà

Orí épọ́ksì ni a da fílà lé, lẹ́yìn tí a fi sáńpépà 80 ha á. Hádínà rẹ̀, èyí tó ń mú un gan, jẹ́ nǹkan bí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá pọ̀ jù, ó ń gan lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ sì lè yọ lábẹ́ ọ̀dà. Kò sí ibi tí fílà wa nípọn ju mílímítà 3 lọ. Níbi tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, Bàbá padà sídìí òòlù.

Gbígbẹ ni a fi ha fílà: 80, 120, 180, lórí pátákó gígùn, kì í ṣe pẹ̀lú ọwọ́ lásán, torí pé ọwọ́ ń tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ lo omi torí eruku. Mo ní rárá, kí wọ́n fi aṣọ bo imú. Fílà máa ń mu omi, omi náà yóò sì jókòó lórí irin lábẹ́ ọ̀dà olówó iyebíye.

Lẹ́yìn náà ni páìmà onílò méjì, èyí tí a ń po mọ́ hádínà rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. A fín ọ̀dà dúdú fúyẹ́fúyẹ́ lé e, a sì fi sáńpépà 400 àti omi ha á (páìmà yìí gba omi, ó ti bo fílà mọ́lẹ̀). Ibi tí dúdú bá ṣẹ́kù sí, kòtò wà níbẹ̀. Ibi tí irin bá yọ sí, òkè wà níbẹ̀. Fẹ́ńdà ẹ̀yìn òsì ni ó yọ wá lẹ́nu jùlọ, a tún da fílà sí i kí ó tó gún.

9. Dídí ẹnu ọ̀nà omi

A fi síílà sí gbogbo ojú ibi tí irin méjì ti pàdé, lókè àti lábẹ́. A fi ọ̀dà dúdú onírọ́bà kun abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ lórí épọ́ksì. A fi wáyà la gbogbo ihò ìdí ilẹ̀kùn. Bátírì wá wà nínú abọ́ ike báyìí, kó má baà kan irin mọ́.

Rọ́bà wíńsíkírìnì tuntun yóò wọlé lẹ́yìn ọ̀dà, ṣùgbọ́n a ti dán an wò. A fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú ihò rẹ̀ yí po, a fi omi ọṣẹ pa á, ẹnì kan ń tẹ dígí láti òde, ẹnì kejì ń fa okùn láti inú, ètè rọ́bà ń bọ́ sórí irin díẹ̀díẹ̀. Họ́ọ̀sì tún jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún wọlé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù gbẹ. Kòtò táyà ṣì ń rí ìwọ̀nba omi lára bọ́nẹ́ẹ̀tì, a sì rí i pé rọ́bà tí wọ́n tà fún wa fẹ́lẹ́ jù. Èyí tó nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ ni a fi pààrọ̀ rẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró.

10. Owó

Panẹbítà gba ₦150,000, oníwáyà gba ₦85,000. Épọ́ksì lítà 4 pẹ̀lú hádínà rẹ̀ jẹ́ ₦52,000, rọ́bà wíńsíkírìnì àti ti bọ́nẹ́ẹ̀tì ₦45,000, páìmà onílò méjì ₦38,000, irin géèjì 18 ₦30,000, tínà ₦28,000, àwọn dísìkì ₦24,000. Ásíìdì, sódà àti sáńpépà jẹ́ ₦21,500, epo jẹnẹrétọ̀ ₦19,500, fílà ₦18,000, síílà ₦14,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦525,000, láìtíì ra ọ̀dà. Ẹ kíyè sí fílà: ẹni tó ń fi fílà tún ọkọ̀ ṣe ń ná nǹkan bí ohun tí mo ná lórí rẹ̀, ó sì ń fi gbogbo ìyókù sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ wọn fi dínwó.

Ohun tó ṣẹ́kù báyìí: a ó fi sáńpépà 600 ha gbogbo ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó tún fi tínà nù ún, a ó sì gbé e lọ sọ́dọ̀ afínọ̀dà kí ọyẹ́ àti eruku rẹ̀ tó dé. Àwọ̀ eyín erin tó wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí a dá padà. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wà láàárín fẹ́ńdà àti ara ọkọ̀ ni mi ò tíì rí èyí tó nípọn bí ti àkọ́kọ́. Ti ike tó wà lọ́jà máa ń là nínú oòrùn, omi á sì jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ní ojúlówó rẹ̀ ní Òṣogbo, Ìbàdàn tàbí Iléṣà, kó jọ̀ọ́ sọ fún mi. Mítà 6 ni mo ń wá.